Ará Paris tó jókòó ti Sunny Adé: ọ̀rọ̀ lórí Martin Meissonnier

Ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá lónìí o. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín á ní, ‘Kí ló kan Ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ èdè pẹ̀lú DJ?’ Ẹ fara balẹ̀. Ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ohùn ni gbogbo rẹ̀.

Ní àdúgbò wa ní Apẹ̀tẹ̀ níbí, ọmọkùnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ DJ. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Pólì Ìbàdàn, iṣẹ́ kò yá, ló bá ra kọ̀ǹpútà kan àti sípíkà ńlá méjì. Ibi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ló ti ń jẹun. Orin tó fẹ́ràn jù ni house, èyí tí ìlù ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń dún gbì, gbì, gbì, gbì láìdáwọ́ dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó wá bá mi ní fàráǹdà.

‘Ẹ káalẹ́ sà, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan.’

Àṣé àbúrò bàbá rẹ̀, onídùndún ni. Ọmọ náà gba ohùn ìlù àbúrò bàbá rẹ̀ sílẹ̀ níbi ìgbéyàwó kan, ó gé díẹ̀ nínú rẹ̀, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa tún un sọ lórí ìlù house. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé e lọ fún bàbá náà gbọ́. Bàbá gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan péré, ó yọ gbohùngbohùn etí kúrò létí, ó ní, ‘O ti sọ ìlù mi di akólòlò.’ Ó ní òun kò fọwọ́ sí i, kò gbọdọ̀ gbé e síta. Láti ìgbà náà ni ilé wọn kò ti rọgbọ.

Ọmọ náà ní, ‘Dádì, ta ló jàre?’

Mi ò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó jókòó, kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ará Faransé kan fún un. Ìtàn náà ni mo tún fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ yìí ti wá. Ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ orin house. Ilé ijó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Warehouse, ibẹ̀ ni Frankie Knuckles ti ń lo àwo fún àwọn oníjó láti ọdún 1977, ara orúkọ ilé ijó yẹn sì ni wọ́n sọ pé orin náà ti gba orúkọ. Nígbà tó di ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn ará Faransé gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Àwo Homework tí Daft Punk gbé jáde ní 1997 ló la ojú ayé sí Paris. Bob Sinclar, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Christophe Le Friant, wà nínú wọn pẹ̀lú. Kódà ó dá ẹgbẹ́ àwọn DJ kan sílẹ̀ tó pè ní Africanism, tí wọ́n ń wá ìlù ilẹ̀ wa fi sí orin ijó. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn tó dé, ẹnì kan ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní tòótọ́, ọ̀dọ̀ Yorùbá ló sì ti ṣe é. Martin Meissonnier ni orúkọ rẹ̀.

Oníròyìn ni Meissonnier, ó ń kọ̀wé nípa orin, ó ń ṣe DJ, ó sì ń ṣètò eré fún àwọn olórin jáàsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó bá Fela Aníkúlápó-Kútì ṣiṣẹ́ lórí eré tí Fela ń lọ ṣe ní Yúróòpù. Ẹni tó bá bá Fela rìn nígbà yẹn, ilé ẹ̀kọ́ gíga ló lọ yẹn o! Èrò tó pọ̀ lẹ́yìn ọkùnrin kan, orin kan ṣoṣo tó lè gba odidi ojú àwo kan, ọlọ́pàá ní iwájú, gbèsè ní ẹ̀yìn. Níbẹ̀ ni Meissonnier ti mọ̀ pé orin ilẹ̀ wa kì í ṣe orin ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, Bob Marley kú. Ilé-iṣẹ́ Island Records, tí Chris Blackwell dá sílẹ̀ ní Jàmáíkà ní 1959, ló ń gbé àwo rẹ̀ jáde. Àga ńlá ṣófo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá olórin adúláwọ̀ mìíràn tí gbogbo ayé lè gbọ́, wíwá náà sì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ Ọba orin jùjú, Sunday Adéníyì Adégẹyè, ọmọ bíbí ìdílé ọba Òǹdó tí wọ́n bí sí Òṣogbo ní 1946, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní King Sunny Adé. Ní ilé, Sunny kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti bá ẹni tó ń ṣe àwo fún un tẹ́lẹ̀ jà dé kóòtù, ó ti dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀, àwo rẹ̀ sì ń tà bí ẹ̀wà gbígbóná ní Dùgbẹ̀ àti ní Òṣòdì. Kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé òyìnbó ló ṣe é lóore. Ohun tí Island ń wá ni ẹni tí yóò jókòó láàárín àwọn àti òun. Meissonnier ni wọ́n fi ṣe olóòtú àwo náà, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní pírodúsà.

Àwo àkọ́kọ́, Juju Music, jáde ní 1982. Lomé ní orílẹ̀-èdè Tógò ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò jìnnà sí wa rárá, ìrìn àjò mọ́tò ọjọ́ kan láti Èkó ni. Kí ni Meissonnier ṣe sí orin náà? Mo lè kà á ní ẹyọ ẹyọ.

Èkíní, ó gé e kúrú. Àwo Sunny tí àwa ń rà nílé nígbà yẹn, ojú kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò já, tí orin á máa wọ inú orin. Ti Island, orin méje ló wà níbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni Sunny ti kọ fún wa nílé rí, wọ́n kàn tún un kọ ni. Èkejì, ó dín ìyìn àwọn olówó kù. Orin jùjú, ẹ mọ̀, ibi òde ni ilé rẹ̀. Akọrin á rí Olóyè níwájú, á kì í, Olóyè á fi náírà lé e níwájú orí. Ẹni tó wà ní London kò mọ Olóyè, Olóyè náà kò sì sí níbẹ̀ láti náwó. Ẹ̀kẹta, ó jẹ́ kí ìlù àti gìtá wá síwájú ju ohùn ẹnu lọ, ó sì fi ọgbọ́n àwọn onírẹ́gẹ̀ ṣe àwọn ohùn kan tí wọ́n ń dún lọ dún bọ̀ bíi gbohùngbohùn inú àpáta. Ẹni tó bá gbọ́ 365 Is My Number á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo èyí burú. Ẹ fetí sí gìtá Hàwáì tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta nínú àwo yẹn, bó ṣe ń fà bí ẹni ń sunkún ayọ̀, kò sí àwo kan nílé ṣáájú ìgbà náà tí ohùn rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn onígìtá náà pọ̀, oníkálukú ní ìwọ̀nba tó ń sọ, ọ̀kan ń bi ọ̀kan, ọ̀kan ń dá ọ̀kan lóhùn. Ní ilé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ máa ń da gbogbo wọn pọ̀ bí ọbẹ̀. Meissonnier yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gbọ́ orin náà dáadáa. Ohun tí kò lè gbọ́ ni èdè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà náà. Ẹnì kan gba London dé, ó mú àwo Juju Music bọ̀, a pé jọ láti gbọ́ ọ. Òyìnbó kan wà láàárín wa tó ń kọ́ Yorùbá, ọmọ tó ń gbìyànjú gan-an ni. Ó mú páálí àwo náà, ó ń ka orúkọ àwọn orin. Wọn kò fi àmì ohùn kankan sí i, wọn kò sì fi ìsàlẹ̀ sí lẹ́tà. Ó dé orí Ma Jaiye Oni, ó ní, ‘Háà, orin ìwàásù nìyí. Má jayé òní. Ó ń kìlọ̀ fún wa nípa fàájì.’ Ẹ̀rín pa wá! Máa jayé òní ni orúkọ orin náà. Sunny ní kí a gbádùn ayé wa, ọmọ òyìnbó ní Sunny ní kí a máà gbádùn ún. Fáwẹ̀lì kan ló sọ wọ́n di ọ̀tá ara wọn.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, mo ronú sí i, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ja Funmi náà wà níbẹ̀. Àwa mọ̀ pé jà fún mi ni, ẹni tó ń bẹ orí rẹ̀ pé kí ó gbèjà òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ojú kà á lè ní já fún mi, bí ẹni ń bẹ ọmọdé pé kí ó já èso fún òun. Lẹ́tà mẹ́ta péré, e, j, e, lè di èje, ó lè di ẹ̀jẹ̀, ó lè di ẹ̀jẹ́. Gbogbo àwọn orúkọ tó gbé ìtumọ̀ orin náà ni wọ́n bọ́ láṣọ kí wọ́n tó gbé wọn sórí àtẹ ọjà àgbáyé. Kì í ṣe ẹ̀bi Meissonnier nìkan o. Àwa fúnra wa ni a kì í fi àmì sórí páálí àwo nílé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé, nílé, etí ń tún ohun tí ojú bàjẹ́ ṣe. Ní òkè òkun, kò sí etí tó máa tún un ṣe.

Iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú. Synchro System jáde ní 1983. Ọdún yẹn náà ni Sunny kó ẹgbẹ́ African Beats, tí wọ́n sún mọ́ ogún èèyàn, yí Amẹ́ríkà ká, àwọn oníwèé ìròyìn ibẹ̀ sì ń kọ ọ́ pé arọ́pò Marley ti dé. Wọ́n yan Synchro System mọ́ àwọn àwo tó lè gba ẹ̀bùn Grammy. Àwo kẹta, Aura, jáde ní 1984. Stevie Wonder fọn fèrè ẹnu nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀lé ara wọn á rí ohun kan. Bí àwo ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i. Nínú Aura, ẹ̀rọ ìlù ti wọlé gan-an, ó ń dún ní ìwọ̀n kan náà láìyẹsẹ̀, àwọn onídùndún sì ní láti máa tẹ̀lé e. Ní ti àwa, onídùndún ni ẹ̀rọ yẹ kí ó tẹ̀lé.

Àwo náà kò tà tó bí Island ṣe fẹ́. Ibi tí àjọṣe wọn parí sí nìyẹn. Ọba orin jùjú padà sílé, ó ń gbé àwo rẹ̀ jáde fún àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀, kò sì kú sí i. Nígbà tó gbé Odù jáde ní 1998, Grammy tún yan ìyẹn náà, láìsí pé ó wọ aṣọ ẹlòmíràn.

Ta ló jẹ̀bi? Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló ba orin wa jẹ́. Mi ò gbà. Orin jùjú fúnra rẹ̀, ọmọ àdàlù ni. Nígbà tí Túndé King ń kọ ọ́ ní Èkó láàárín àwọn ọdún 1930, gìtá tó fi ń kọ ọ́, ẹ̀yìn odi ló ti wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ìlù tó ń sọ̀rọ̀ tó wọ inú rẹ̀. Gìtá oníná wọ̀ ọ́, gìtá Hàwáì wọ̀ ọ́, kò sí èyí tó pa á. Ẹni tó bá ní kí a má da nǹkan kan pọ̀ mọ́ jùjú, kò mọ jùjú. Àwọn kan náà sì ń sọ pé àwọn olùgbọ́ òkè òkun ni kò ní làákàyè. Ìyẹn náà kọ́. Èèyàn ò lè ra ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ lọ títí. Wọ́n ra ìlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rà á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ìlù tuntun ti dé láti ibòmíràn. Àwa tí a ń ra Sunny fún ogójì ọdún, kì í ṣe ìlù nìkan la ń rà. Ọ̀rọ̀ ni.

Meissonnier kò dúró síbẹ̀. Ó lọ ṣe àwo fún Ray Lema àti Papa Wemba, àwọn ọmọ Kóńgò. Ó wà nídìí Kutché, àwo tí Khaled àti Safy Boutella, àwọn ará Àlùjíríà, gbé jáde ní 1988. Ó ṣe àwo fún Amina, ọmọ Tùnísíà, ẹni tó lọ kọrin fún ilẹ̀ Faransé níbi ìdíje Eurovision ní 1991, tí máàkì rẹ̀ sì bá ti ará Sweden dọ́gba kí òfin ìdíje tó gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe ètò orin lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ Mégamix, ó bá Jimmy Page àti Robert Plant ṣiṣẹ́ nínú àwo No Quarter ti 1994, ó sì di ẹni tó ń ya fíìmù. Ní 2015, ó ya ọ̀kan nípa bí èèyàn ṣe lè rí ayọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba wá ìyẹn wò.

Nígbà kan náà, Paris di ilé fún ọmọ Yorùbá mìíràn, Tony Allen, onílù Fela. Ó kó lọ síbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, lásìkò tó gbé àwo kan jáde tó pè ní N.E.P.A., tó túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbójú lé iná mọ̀nàmọ́ná. Àwa ará Apẹ̀tẹ̀ kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ní 1999, òun àti Doctor L ṣe Black Voices. Ní 2004, òun ló lu ìlù nínú La Ritournelle ti Sébastien Tellier. Ní 2018, nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó jókòó ti Jeff Mills, DJ ará Detroit, wọ́n ṣe àwo pọ̀, ẹ̀rọ ní apá kan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Allen ní apá kejì. Ó kú sí Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2020. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Allen wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń gé e, ó lè sọ pé, ‘Má gé ibẹ̀ yẹn.’

Ó jọ pé Meissonnier náà kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Ní 2008, ó padà sí ìdílé tó ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló ṣe olóòtú Many Things, àwo àkọ́kọ́ tí Ṣeun Kútì, ọmọ Fela, gbé jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, Egypt 80. Ẹ gbọ́ ọ. Àwọn orin ibẹ̀ gùn bó ṣe yẹ kí wọ́n gùn. Àwọn àgbà onífèrè ń fọn ún bí wọ́n ṣe ń fọn ún nígbà Fela. Olóòtú náà kàn jókòó ni, ó rí i pé ohùn mọ́, ó yọwọ́. Ó gbà á ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n láti mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ olóòtú sinmi.

Mo parí ìtàn, mo wá padà sí ẹjọ́ ọmọ àdúgbò wa.

Mo ní, ‘Ìwọ ọmọ yìí, ìlù dùndún kò ní ẹnu, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, ohun tó ní nìyẹn. Bí ó bá lu ohùn àárín kó tó lu ohùn òkè, kí ló wí? Ó lè jẹ́ ilé. Ó lè jẹ́ owó. Ó lè jẹ́ iṣẹ́. Ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń roko. Ìdí nìyẹn tí onílù fi máa ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, kí èyí tó kù lè la èyí tó ṣáájú yé wa. Bí o bá wá gé ohùn méjì péré nínú rẹ̀, tí o ní kí ẹ̀rọ máa tún un sọ, kí lo fi sílẹ̀? Ilé, ilé, ilé, àbí owó, owó, owó? Bàbá yín kò bú ọ. Ó sọ bó ṣe rí gan-an. Akólòlò ni ẹni tó ń tún ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sọ tí kò sì dé òpin rẹ̀.’

Ó dákẹ́. Ó ní, ‘Dádì, ìyẹn ni pé mo jẹ̀bi.’

Mo ní, ‘O ò jẹ̀bi pé o gé e. Òpó èèyàn ti gé e kí o tó dé. Ibi tí o ti gé e lo ti ṣìnà. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, kí o bi wọ́n pé níbo ni gbólóhùn náà ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló parí sí. Ibẹ̀ ni kí o gé.’

Ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà dé, ó ní wàhálà tuntun ti wọlé. Gbólóhùn bàbá gùn ju àyè tí òun fún un nínú orin lọ. Òun ní láti fa ìlù house náà gùn kí ó lè gba ọ̀rọ̀ náà tán. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ tí Meissonnier kò lè ṣe ní Lomé ló ń ṣe yẹn, torí pé òun ní àbúrò bàbá tó lè bi.

Bàbá kò tíì fọwọ́ sí i títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní kí ó gbé e wá ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn fi etí ara àwọn gbọ́ ọ. Wọ́n ti pe èmi náà.

Iṣẹ́ kan wà fún yín o. Ẹni tó bá ṣì ní àwo Sunny Adé àtijọ́ nílé, àwọn tó ṣe kí ó tó bá Island pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú páálí rẹ̀ jáde, ẹ mú bírò, ẹ fi àmì ohùn sórí orúkọ àwọn orin náà bí etí yín ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní àmì ohùn, mi ò ní gba àwáwí kankan lọ́wọ́ yín.